Mélòó La Ó Kà Nínú Eyín Adépèlé? Gíráàfù Nínú Ìdánwò IELTS

Ní ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, á wo nọ́ńbà tó jáde, á fi bírò ṣe àmì kékeré kan sínú káàdì ọmọ náà, á sì fa ìlà láti àmì oṣù tó kọjá wá síbi àmì tuntun. Kò ní jókòó máa ka gbogbo àmì tó wà níbẹ̀ fún ìyá ọmọ. Ohun tó máa sọ kì í ju gbólóhùn méjì lọ: “Màmá, ọmọ yín ń dàgbà dáadáa látìgbà tẹ́ ẹ ti bí i, àmọ́ láti oṣù kẹfà, ìlà rẹ̀ kò gòkè mọ́. Kí lẹ fi ń bọ́ ọ?” Ọ̀rọ̀ náà á yé ìyá ọmọ, á sì mọ ohun tó kàn.

Ẹ jẹ́ ká wá fi irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní Sabon Zongo ló ń gbé, ní ìlú Accra. Ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti kírun Ìṣáà tán, àwọn tó ń ta tuo àti àkàrà lójú títì ti ń palẹ̀ mọ́. Òun jókòó sídìí tábìlì, ó ń múra ìdánwò IELTS sílẹ̀. Wọ́n ya gíráàfù kan síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìlà mẹ́ta, wọ́n ní kó ṣàpèjúwe rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà: ọdún yìí, nọ́ńbà báyìí; ọdún tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà báyìí. Kó tó mọ̀, aago ti lù. Nígbà tí èsì ìdánwò bá dé, yóò rí i pé òun ṣe dáadáa nínú ìgbọ́ràn, òun ṣe dáadáa nínú ìwé kíkà, òun sì gbayì nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Ìwé kíkọ ló máa ká a lọ́wọ́ kò.

Báwo ni ẹni tó ka gíráàfù fún ogójì ìyá láàárọ̀ ṣe kùnà gíráàfù lálẹ́? Ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ ló gbàgbé láti ṣe nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ kí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà

Ọdún 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúkọ náà, IELTS. Àwọn mẹ́ta ló jọ ni ín: British Council, IDP ti ilẹ̀ Ọsirélíà, àti Cambridge. Oríṣi rẹ̀ tó wà fún àwọn tó fẹ́ lọ sí yunifásítì, tàbí tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ bíi ti nọ́ọ̀sì àti dókítà, ni wọ́n ń pè ní Academic. Wákàtí kan ni wọ́n fún ìwé kíkọ nínú rẹ̀. Apá méjì ló ní. Apá kìíní ni gíráàfù, tí wọ́n ní kéèyàn fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kọ ọ̀rọ̀ tí kò dín ní 150 lé lórí. Apá kejì ni àròkọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 250. Máàkì àròkọ jẹ́ ìlọ́po méjì ti gíráàfù. Ìyẹn ni pé gíráàfù ló ni ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo máàkì ìwé kíkọ. Ẹni tó bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta ṣeré, á ṣòro kí ìyókù gbà á là.

Ẹ wo bó ṣe kan àwọn ọmọ wa. Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn NMC, ń béèrè máàkì 7 nínú ìgbọ́ràn, ìwé kíkà àti ọ̀rọ̀ sísọ. Títí di ọdún 2018, 7 náà ni wọ́n ń béèrè nínú ìwé kíkọ, kí wọ́n tó wá dín in sí 6.5. Wọn ò ṣàdédé dín in kù. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ dunjú ló ń ṣubú síbẹ̀. Owó ìdánwò yìí sì ń wọni lára, ọdún méjì péré ni wọ́n máa ń ka èsì rẹ̀ sí. Ẹni tó bá ṣubú pẹ̀lú ààbọ̀ máàkì, owó mìíràn ni yóò tún wá.

Àwọn kan máa ń bínú sí ìdánwò náà fúnra rẹ̀, a ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba ń lò ní Ghana àti ní Nàìjíríà, òun la fi ń kọ́ ọmọ nílé ìwé. Síbẹ̀, nínú ìwé tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dárúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn kò nílò irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, Jàmáíkà wà níbẹ̀, Barbados wà níbẹ̀, àmọ́ Ghana àti Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Àwọn yunifásítì kan wà tó máa ń gba máàkì Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ gbà nínú ìdánwò WAEC. Torí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ tàbí pésẹ́wà, ẹ kọ́kọ́ bi ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń lọ léèrè bóyá wọ́n nílò IELTS rárá. Bí wọ́n bá ní àwọn nílò rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ bá a ṣe máa borí rẹ̀.

Ọmọ tó dàgbà sí Sabon Zongo kì í ṣe aláìmọ èdè. Èdè Haúsá ni wọ́n fi sọ àdúgbò náà lórúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Zongo tuntun. Ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni àwọn èèyàn ṣí wá síbẹ̀ láti zongo àtijọ́ tó wà nítòsí òkun. Ọmọ tó bá jẹ́ Yorùbá níbẹ̀ lè máa sọ Haúsá lójú títì, kó sọ Twi tàbí Gà lọ́jà, kó sọ Yorùbá fún ìyá rẹ̀ nínú ilé, kó tó wá kan Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé. Gíráàfù ò ní kó mọ èdè karùn-ún. Ohun tó fẹ́ kó mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan.

Ẹ má ka gbogbo eyín

Àwọn àgbà máa ń béèrè pé, mélòó la ó kà nínú eyín Adépèlé? Eyín tó pọ̀ débi pé ó gun orí ara wọn, ẹni tó bá ní òun fẹ́ kà á tán, ibẹ̀ ni ilẹ̀ máa ṣú sí. Bí gíráàfù inú ìdánwò ṣe rí nìyẹn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó nọ́ńbà jọ síbẹ̀ ju èyí téèyàn lè kọ lọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yín lè yan èyí tó ṣe pàtàkì.

Ẹ ò ní láti méfò lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí pé àwọn tó ni ìdánwò náà ti gbé ìlànà tí wọ́n fi ń fún èèyàn ní máàkì jáde fún gbogbo ayé. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń wò, máàkì kan náà ni wọ́n sì fi sórí ìkọ̀ọ̀kan: bóyá o ṣe ohun tí wọ́n ní kó o ṣe, bóyá ọ̀rọ̀ rẹ tò tẹ̀ lé ara, bóyá o mọ ọ̀rọ̀ lò, àti bóyá gírámà rẹ dára. Lábẹ́ èyí àkọ́kọ́, ẹni tó kàn ń to nọ́ńbà láìsọ kókó ohun tí àwòrán náà ń sọ, máàkì 5 ni wọ́n sábà máa ń fún un, bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tilẹ̀ dùn bí oyin. Ẹni tó bá sọ kókó yẹn kedere lè dé 7. Gbólóhùn kan tàbí méjì ló wà láàárín wọn, irú gbólóhùn tí nọ́ọ̀sì máa ń sọ fún ìyá ọmọ nídìí ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Ghana dán an wò

Ká ní gíráàfù tí wọ́n fún ọmọ ń fi hàn, láti inú ìkànìyàn Ghana, iye àwọn tó ń gbé ìgboro nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún èèyàn. Nọ́ńbà rẹ̀ rèé: 23.1 ní ọdún 1960, 28.9 ní 1970, 32 ní 1984, 43.8 ní 2000, 50.9 ní 2010, 56.7 ní 2021.

Ọmọ tó ń ka eyín Adépèlé máa to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, á sì fi bírò sílẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fojú nọ́ọ̀sì wò ó. Àkọ́kọ́, ibo ni ìlà náà ń lọ? Òkè ló ń lọ, kò sí ìgbà kankan tó wálẹ̀. Èkejì, báwo ni ìparí ṣe jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ tó? Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ibì kan wà tó yàtọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni: láàárín 1970 sí 1984, díẹ̀ báyìí ló fi gòkè, ó sì wá yára lẹ́yìn náà. Ẹ̀kẹrin, ǹjẹ́ ó kọjá ààlà kan tó ṣe pàtàkì? Bẹ́ẹ̀ ni: ní 2010, àwọn tó ń gbé ìgboro ti ju ìdajì lọ.

Tí ọmọ bá ti rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Gbólóhùn tó máa gbé e ga lè má ju èyí lọ lédè Gẹ̀ẹ́sì: “Overall, the share of people living in towns rose at every census and more than doubled over the whole period.” Lẹ́yìn ìyẹn, á wá mú nọ́ńbà mẹ́rin tàbí márùn-ún láti fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé nọ́ńbà kan dà.

Ẹ kíyè sí pàkúté tó wà nínú àwọn ọdún yẹn. Láti 1960 sí 1970, ọdún mẹ́wàá ni. Láti 1970 sí 1984, mẹ́rìnlá ni. Láti 1984 sí 2000, mẹ́rìndínlógún ni. Ẹni tí kò bá wo ìsàlẹ̀ gíráàfù lè rò pé bákan náà ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ọmọ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ṣé iye èèyàn ni, àbí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún? Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, 30 kì í ṣe ọgbọ̀n èèyàn o, ọ̀kẹ́ kan àti ààbọ̀ ni, ìyẹn 30,000.

Ọgbọ́n tó wà nínú Yorùbá

Ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé Yorùbá tí ọmọ ń sọ nílé ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ gíráàfù, ó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ wo bá a ṣe ń kàwé nọ́ńbà. A kì í pe 19 ní ẹẹ́wàá àti ẹẹ́sàn-án. Mọ́kàndínlógún là ń pè é, ìyẹn ogún tí ó dín ẹyọ kan. A kì í pe 45 ní ogójì àti márùn-ún. Márùndínláàádọ́ta ni, àádọ́ta tó dín márùn-ún. Ẹni tó bá kàwé báyìí láti kékeré ti mọ bí wọ́n ṣe ń wo nọ́ńbà ńlá tó sún mọ́ ọn jù. Ohun tí ìdánwò ń wá gan-an nìyẹn. 23.1 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dín díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin: “just under a quarter.” 32, ó dín díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta: “just under a third.” 50.9, ó lé díẹ̀ ní ìdajì: “just over half.” Ọmọ tó bá mọ “ó lé” àti “ó dín” kò ní ṣàìmọ èyí.

Yorùbá tún máa ń ya “ó di” sọ́tọ̀ kúrò lára “ó fi báyìí lé sí i.” Láti 2000 sí 2010, nọ́ńbà yẹn di 50.9, àmọ́ 7.1 ló fi lé sí i. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, “rose to” ni àkọ́kọ́, “rose by” ni èkejì. Ọmọ tó bá kọ “rose by 50.9” ti pa irọ́ mọ́ gíráàfù, olùyẹ̀wò á sì rí i. Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá nínú ọkàn rẹ̀ kó tó kọ ọ́.

Àmọ́ ibì kan wà tí Yorùbá ti ń tàn wá. Tá a bá ní “Olú lọ sọ́jà,” bí “lọ” ṣe wà náà ló ṣe máa wà yálà àná ni tàbí lójoojúmọ́. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí gíráàfù bá bẹ̀rẹ̀ ní 1960 tó sì parí ní 2021, ohun tó ti kọjá ni, “rose” ló máa jẹ́ látòkè délẹ̀, kì í ṣe “rise.” Bí ọdún tó ń bọ̀ bá wà níbẹ̀, ìgbà yẹn ni ọmọ á sọ pé wọ́n retí pé kó rí báyìí. Bí kò bá sì sí ọdún kankan lórí àwòrán náà, bíi ti àwòrán tó ń fi hàn bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó lè sọ ọ́ bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ọmọ máa wo ọdún kó tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣe kankan.

Ibi tó nira jù fún wa

A fẹ́ràn ká sọ ìdí nǹkan. Ìyẹn ló ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ wa sí wàhálà. Gíráàfù yẹn kò sọ ìdí tí àwọn èèyàn fi kúrò lábúlé, torí náà ọmọ kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kò gbọ́dọ̀ gba ìjọba nímọ̀ràn, kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé ó dára tàbí kò dára.

Ó dùn ún sọ, ó ṣòro ṣe, àgàgà fún ìdílé Yorùbá tó wà ní Ghana. Ká ní wọ́n ya gíráàfù iye àjèjì tó wà ní Ghana ní 1960 àti ní 1970. Ìlà náà á já wálẹ̀. Àwa mọ ohun tó fà á. Ní November 18, 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó jáde. Àwọn Yorùbá tó ti ń tajà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti ibòmíì, fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n sì dorí kọ ilé. Nígbà tó sì di January 1983, Nàìjíríà náà ní kí àwọn ọmọ Ghana máa lọ, ibẹ̀ ni báàgì “Ghana Must Go” ti gba orúkọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ àgbà sọ ìtàn yìí fún, tó wá rí i pé ìlà péré ló kù nínú rẹ̀, ọwọ́ á máa yún un láti kọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ sọ fún un pé kó fi pa mọ́ fún apá kejì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ní kéèyàn sọ èrò rẹ̀, kó sì fi ohun tó mọ̀ tàbí ohun tó ti rí ṣe àpẹẹrẹ. Ní apá kìíní, ẹlẹ́rìí ni ọmọ yín: ohun tó rí nìkan ni kó sọ. Kì í ṣe pé ìtàn ìyá àgbà kò níye lórí. Ibi tí wọ́n pè é sí ló yẹ kó ti sọ ọ́.

Kì í ṣe ohun àjèjì

Káàdì ìwọ̀n ọmọ tá a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti wá? Ilẹ̀ Yorùbá ni. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ David Morley ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó rí i pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ń kú púpọ̀, àti pé àìjẹunrekánú máa ń jẹ ọmọ run díẹ̀díẹ̀ kó tó hàn síta. Ló bá ṣe káàdì tí ìyá á máa mú lọ́wọ́ lọ sílé, tí ìlà inú rẹ̀ á máa fi hàn bóyá ọmọ ń gòkè, ó dúró sójú kan, tàbí ó ń wálẹ̀. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé. Àwọn ìyá tí kò kàwé rárá ló kọ́kọ́ lò ó, ó sì yé wọn.

Ní Accra náà, ní àdúgbò Cantonments, ilé kan wà tí W.E.B. Du Bois gbé títí ó fi kú ní August 27, 1963, lẹ́ni ọdún 95. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, ọ̀mọ̀wé sì ni. Ní ọdún 1900, níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ọ̀pọ̀ gíráàfù aláràbarà lọ, tí wọ́n fọwọ́ yà. Wọ́n fi hàn bí ilẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ dúdú ní Georgia ní ṣe ń pọ̀ sí i àti bí àwọn ọmọ wọn tó ń lọ sílé ìwé ṣe ń pọ̀ sí i, láìpẹ́ ọdún tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú. Wọ́n fi ìlà àti àwọ̀ dá àwọn tó ń kẹ́gàn wọn lóhùn. Ilé yẹn ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, ẹ lè mú ọmọ lọ síbẹ̀.

Ohun tí ìdílé lè ṣe

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ tó san owó lẹ́sìn ńlá. Ẹ wá gíráàfù kan lọ́sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tàbí nínú ìwé ọmọ yín. Ẹ fi han ọmọ fún ìṣẹ́jú kan péré, kẹ́ ẹ wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi í pé: “Kí lo rí?” Ohun tó bá lè sọ láì tún wo ìwé náà ni kókó rẹ̀. Bí ìyá kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó béèrè ní Yorùbá. Bó bá yé ìyá, ó máa yé olùyẹ̀wò.

Lẹ́yìn náà kí ọmọ kọ ọ́, kí aago sì wà níwájú rẹ̀. Kó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin wo àwòrán náà kó tó fọwọ́ kan bírò. Kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun tí àwòrán náà jẹ́, torí pé ohun tó bá dà kọ láti inú ìbéèrè, wọn ò ní kà á kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kó sọ kókó rẹ̀. Kó fi nọ́ńbà díẹ̀ tì í lẹ́yìn, kó fi èyí wé ìyẹn, kó sì fi ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn wá àṣìṣe. Ẹ kìlọ̀ fún un nípa gbólóhùn àkọ́sórí tí wọ́n ń tà káàkiri; ó ti dé etí àwọn olùyẹ̀wò kí ọmọ yín tó kọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì wa ní Sabon Zongo ń kọ́? Láàárọ̀ ọ̀la, á tún wà nídìí ìwọ̀n. Ìyá kan á gbé káàdì ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì á wo ìlà náà láti òkè délẹ̀, á gbójú sókè, á sì sọ gbólóhùn méjì. Kó rántí gbólóhùn méjì yẹn ní ọjọ́ ìdánwò.